A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí àlejò bá wọ ilé wa tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí àwa ọmọdé lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ iye tí a jẹ́, ìyá àgbà a dá a lẹ́kun kíákíá. Wọn a ní, "Ó tó báyìí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí ni ẹ ti gbọ́ òwe náà láti ẹnu àwọn òbí yín. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé ohun tí a bá kà ti di ohun tí ayé mọ̀, ohun tí ayé bá sì mọ̀, ayé lè bà á jẹ́. Àwọn tí ń ka Bíbélì láàrin wa kò sì ní ṣàì rántí pé nígbà tí Dáfídì Ọba ka àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, àjàkálẹ̀ àrùn ni ó tẹ̀ lé e.

Mo mú òwe yìí wá nítorí pé ní ìlú Houston tí a fi ṣe ibùgbé yìí, ìgbà gbogbo ni wọ́n ń fẹ́ kà wá. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, fọ́ọ̀mù ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé lé wa lọ́wọ́: Àìsàn wo ni ó pa bàbá yín? Ta ni ó ní ìtọ̀ ṣúgà nínú ẹbí yín? Ẹ̀yà wo ni ẹ jẹ́? Bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìlera, àwọn nọ́ọ̀sì wa yóò ti tẹ́ tábìlì sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn obìnrin a tò. Àwa ọkùnrin a rántí lójijì pé a fẹ́ lọ mú nǹkan nínú ọkọ̀. Àwọn onímọ̀ láti yunifásítì náà a máa wá, wọn a ní àwọn ń ṣe ìwádìí lórí ìlera àwọn tí ó ṣí wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Kí a jọ̀wọ́ jókòó dáhùn ìbéèrè, tàbí kí a fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa a rẹ́rìn-ín músẹ́, a ní a ń bọ̀, a kò sì ní padà.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ rò ni èyí: ìròyìn ara ẹni, ta ni ó ni ín? Ṣé ohun ìní olúwarẹ̀ nìkan ni, tí ó lè dì mọ́ra títí yóò fi bá a wọ sàréè? Àbí gbèsè kan wà nínú rẹ̀ tí a jẹ àwọn ẹlòmíràn?

Bí kò bá jẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan, bóyá n kò ní fi ìbéèrè yìí yọ yín lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ mi yìí ti lé ní ogún ọdún ní apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Houston. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni, òṣìṣẹ́ kára, ẹni tí kì í pa ìpàdé ẹgbẹ́ jẹ. Ó ti pẹ́ tí dókítà ti sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n inú ìgò fítámì ni ó ń da oògùn rẹ̀ sí, kí ìyàwó àti àwọn ọmọ má baà mọ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó ṣubú nínú balùwẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ni dókítà dojú kọ: Oògùn wo ni bàbá rẹ ń lò? Ọmọ ní fítámì nìkan ni. Ṣé irú èyí ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú ẹbí yín? Ọmọ ní rárá, ogbó ni ó pa bàbá àgbà.

Kò purọ́ o. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni ó sọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ ilé wọn mọ̀ pé bàbá àgbà náà kò gbó rárá kí ó tó kú. Rọpárọsẹ̀ ni ó mú un nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Àwọn ará ilé ní ayé ni ó ta á lọ́fà, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò bọ̀ sípò tán. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ní ọjọ́ náà gan-an, nọ́ọ̀sì kan rí bí ojú ọmọ náà ti rí, ó ní kí ó jókòó kí òun wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ti ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 33! Ogún bàbá àgbà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ó jogún ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbèjà àwọn tí ń fi àìsàn pamọ́, nítorí wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí a bá mọ àìsàn rẹ̀ ti bọ́ sí ẹnu ayé. Àwọn kan yóò káàánú rẹ̀, àwọn kan yóò sì máa fi í ṣe ẹlẹ́yà lẹ́yìn. Bí a bá gbọ́ pé àrùn kan wà nínú ẹbí, àwọn ọmọbìnrin ilé náà lè má tètè rí ọkọ. Ní ilẹ̀ àjèjì, ẹ̀rù mìíràn kún un: kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ má gbọ́, kí wọ́n má baà dá wa dúró, kí àwọn ará ilé má gbọ́, kí ìyá tí ó ti dàgbà má baà máa sunkún lórí fóònù nítorí ọmọ tí kò lè fojú rí. Ẹni tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé ní oṣooṣù kì í fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ń rẹ òun. Mo mọ gbogbo èyí, nítorí èmi náà ti ṣe é rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àṣà wa dáadáa. Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn baba wa kì í sọ ìròyìn àìsàn? Kí ọmọkùnrin tó fẹ́ ọmọbìnrin láyé àtijọ́, ṣe ni àwọn ẹbí méjèèjì máa ń ṣe ìwádìí ara wọn lábẹ́lẹ̀. Wọn a béèrè bí wèrè bá wà ní ìdílé náà, tàbí ẹ̀tẹ̀, tàbí wárápá. Alárinà a rìn, a fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà àdúgbò lẹ́nu wò, a sì mú àbọ̀ wá. Kí ni à ń pe irú èyí bí kì í bá ṣe ìwádìí ìlera? Lóde òní ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìjọ wa, nílé àti lẹ́yìn odi, kì í so tọkọtaya pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fi ìwé jínótáìpù hàn. A ti mọ̀ pé bí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ó ṣeé ṣe ní ìdá kan nínú mẹ́rin kí ọmọ náà jẹ́ SS. Ìwọ̀nba ọmọ tí àwọn ìyá wa sin, tí wọ́n ń pè ní àbíkú, tí wọ́n ń kọ ní ilà, tí wọ́n ń sọ lórúkọ ìtìjú! Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ti sọ pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ yìí ni ó pa púpọ̀ nínú wọn. Kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ní láti ka àwọn ọmọ tí ó kú àti àwọn tí ó yè. Ẹnì kan sì ní láti gbà kí a ka tirẹ̀.

Nítorí náà, àṣírí àìsàn kò fìgbà kan jẹ́ àṣírí pátápátá láàrin wa. A máa ń tú u nígbà tí ẹ̀mí ọmọ tí a kò tí ì bí bá wà nínú ewu, fún ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ìyẹn ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wo bí àrùn ṣe ń rìn láàrin àwùjọ. Kí ni kíkà tí wọ́n ń kà wá ti mú jáde? Ṣé ó tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ tú àṣírí?

Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní ọdún 1997, Richard Cooper àti Charles Rotimi tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn ènìyàn tí wọ́n wò lé ní 10,000, gbogbo wọn ni orírun wọn sì jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: àwọn kan ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àwọn kan ní Jamaica, Barbados àti St. Lucia, àwọn kan sì ní Maywood nítòsí Chicago. Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ìlú tí a mọ̀ sí ìlú ìbejì, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ènìyàn 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Karíbíánì, ó di 26. Ní Amẹ́ríkà, ó di 33. Ìran kan náà ni, bí a ti ń jìnnà sí ilé ni àrùn náà ń pọ̀ sí i.

Àwọn kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀, pé bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn. Ìwádìí yìí já irọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, Igbó-Ọrà ni ì bá ti pọ̀ jù. Nígbà tí Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi àwọn aláwọ̀ funfun wé aláwọ̀ dúdú nínú ìwádìí mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, àwọn aláwọ̀ funfun ilẹ̀ Jámánì ni ó léwájú gbogbo wọn pẹ̀lú 55 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà jẹ́ 44. Nítorí náà, oúnjẹ, iyọ̀, ara sísan, ìjókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, àìsùn àti ìpayà ọkàn ni kí a wò, kí a yé wo àwọ̀ ara.

Èkejì tún sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó kú ní 1995, wà lára àwọn tí ó dá ìwádìí kan sílẹ̀ pẹ̀lú Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana. Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn mìíràn ní Ìbàdàn sì tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀. Wọ́n ń wo àwọn arúgbó Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn arúgbó aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis, láti mọ iye àwọn tí iyè wọn ń ra, tí a máa ń sọ pé wọ́n ń ṣarán. Arúgbó Yorùbá 2,459 ni wọ́n tẹ̀ lé, àti 2,147 ní Indianapolis. Àbọ̀ tí ó jáde ní 2001 fi hàn pé láàrin ọdún kan, ó lé díẹ̀ ní ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 1.35, tí àrùn náà ń mú ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis ó jẹ́ 3.24, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn ìyá arúgbó Ìdíkàn, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé, ni ó fún gbogbo ayé ní ìmọ̀ yìí. Wọ́n jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n sì gbà kí àlejò bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ẹ̀kẹta ni ó kan àwọn ọmọ wa. Richard David àti James Collins wo àkọsílẹ̀ ìbí ní ìpínlẹ̀ Illinois láti 1980 sí 1995. Ọmọ tí obìnrin aláwọ̀ funfun tí a bí ní Amẹ́ríkà bí wọn gíráàmù 3,446 ní ìpíndọ́gba. Ọmọ tí obìnrin tí a bí ní Áfíríkà bí wọn 3,333. Ọmọ tí obìnrin aláwọ̀ dúdú tí a bí ní Amẹ́ríkà bí wọn 3,089. Ẹ ò rí i pé àwọn ìyá tí ó ti ilé wá sún mọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ju bí wọ́n ti sún mọ́ àwọn arábìnrin wọn tí a bí níhìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n ní 2002, àwọn onímọ̀ náà tún wo ìran tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin tí àwọn ìyá láti Áfíríkà àti Karíbíánì bí sí ibẹ̀ dàgbà, tí àwọn náà wá bí ọmọbìnrin tiwọn, àwọn ọmọ-ọmọ náà kò wúwo tó bí ìyá wọn ti wúwo nígbà tí a bí wọn. Ti àwọn tí ó ṣí wá láti Yúróòpù kò rí bẹ́ẹ̀. Tiwọn ń lọ sókè ni. Ìlera tí a gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti Ìkẹjà, kò dájú pé ọmọ-ọmọ wa yóò bá a níbẹ̀.

N kò sọ pé ilé ni ọ̀run rere. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń pọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn náà, nítorí ọkọ̀, ìjókòó àti oúnjẹ inú ike ti dé ibẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí a ṣe láàrin 2012 àti 2015 lórí àwọn ará Gánà, ọkùnrin tí ó sanra ju bí ó ti yẹ lọ jẹ́ 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìgbèríko Gánà, ó di 6.9 ní ìlú ńlá ilé wọn, ó sì di 21.4 ní London. Ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀ láti abúlé sí ìlú kí ó tó dé orí omi. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá kà wá, ta ni ì bá mọ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ orúkọ ti wọlé nìyí. Orúkọ wo ni wọ́n ń kà wá sí? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tí ó ti Ìjẹ̀bú-Òde dé ní ọdún tó kọjá àti ẹni tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wà ní Texas láti ìgbà oko ẹrú, àpótí kan náà ni wọ́n ń sàmì sí. Ẹ jọ̀wọ́, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ bí ìgbéraga. Arákùnrin wa ni wọ́n, ìyà tí ó jẹ wọ́n ni ó ṣí ilẹ̀kùn tí a gbà wọlé. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí a bá da ọ̀gbàrá méjì pọ̀, a kò ní mọ èyí tí ó ń ru ẹrẹ̀ bọ̀. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí ní Illinois, bí wọn kò bá béèrè ibi tí a bí ìyá, gbogbo rẹ̀ ni ì bá pòórá sínú nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Àwọn ará Ìbàdàn ti kọ́ wa ní ohun kan lórí èyí. Ní 2002, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní HapMap, láti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ohun àjogúnbá ọmọ ènìyàn. Ènìyàn 90 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30, wà lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n bá àwọn ará àdúgbò jókòó, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n sì gbọ́ ìbéèrè wọn. Ọ̀rọ̀ orúkọ sì di ohun tí a kọ sílẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má pe ẹ̀jẹ̀ náà ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà, kí ó má tilẹ̀ pè é ní ti Yorùbá lásán, Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà, ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbòòrò, ìlú Houston wa yìí náà wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nípasẹ̀ wa. Àwọn ará Íńdíà láti Gujarat tí ó ń gbé Houston ni ó fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀, orúkọ wọn sì wà níbẹ̀ títí di òní: àwọn Gujarati ní Houston. Àlejò ni àwọn náà bíi tiwa. Bí ẹnì kan ní ibikíbi lágbàáyé bá ń wádìí àrùn tí ń yọ irú wọn lẹ́nu, yóò bá wọn níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò dìde nísinsìnyí, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ṣé ẹ ti gbàgbé Tuskegee?" N kò gbàgbé. Láti 1932 sí 1972 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ń wo àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 tí ó ní àrùn sífílíìsì ní Alabama, tí wọn kò sì fún wọn ní oògùn tí ó lè wò wọ́n sàn, àní lẹ́yìn tí oògùn náà ti wà káàkiri. Wọn kò sọ òótọ́ ohun tí ó ń ṣe wọ́n fún wọn. N kò sì gbàgbé Kánò ní 1996, nígbà tí ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn wò lára àwọn ọmọ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọpọlọ, tí àwọn òbí sì wí pé a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní òun kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2009 ó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìjọba Kánò àti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ kò jẹ̀bi bí ó bá ń sá fún okùn.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ohun tí ó burú ní Tuskegee kì í ṣe pé wọ́n kà wọ́n. Ohun tí ó burú ni pé àwọn tí ń kà wọ́n mọ ohun tí ó ń pa wọ́n, wọ́n sì fi pamọ́ fún wọn. Bí mo ṣe ń ronú lórí èyí ni ara mi bù máṣọ. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìyẹn àti ohun tí à ń ṣe sí àwọn ọmọ wa? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni àwa fi ń ṣe é, wọn kò sì fi ìfẹ́ ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀rẹ́ mi tí ó jókòó sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Sátidé náà, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ láyé ni ó fi ohun tí ó lè pa á pamọ́ fún un.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé gbèsè ni, gbèsè náà sì ní ipele. Ẹni tí a kọ́kọ́ jẹ ní gbèsè ni ọmọ wa. Nígbà tí àgbà kan bá kú nílé, wọ́n máa ń béèrè lójú gbogbo ẹbí pé ta ni olóògbé jẹ lówó, ta ni ó sì jẹ ẹ́, nítorí pé ọmọ ni yóò jogún méjèèjì. Bàbá tí ó fi gbèsè pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ kò ṣe é lóore. Ọjọ́ tí olówó bá kan ilẹ̀kùn ni ọmọ yóò mọ̀. Àrùn inú ìdílé wà lára ogún, kí a sọ ọ́ nígbà tí ẹnu ṣì ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọmọ ni aládùúgbò. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìkaǹìyàn Amẹ́ríkà ti 2020 fi hàn pé àwọn tí ó kọ Nàìjíríà sílẹ̀ bí orírun wọn lé ní 600,000. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú irú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá di tirẹ̀ mọ́ra, kò sí dókítà tí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó tètè wò lára wa.

Ní ti àwọn onímọ̀, a kò jẹ wọ́n ní gbèsè bí a ti jẹ ọmọ wa. Ẹ̀bùn ni a ń fún wọn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba ẹ̀bùn ní bí ó ṣe yẹ kí ó tọrọ rẹ̀. Kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe ní èdè tí ó yé wa, kí ẹni tí ó bá kọ̀ lè kọ̀ láìsí ìyọnu. Kí ó pè wá ní orúkọ wa. Kí ó sì mú àbọ̀ wá. Ẹni tí a bá rán níṣẹ́ a máa jíṣẹ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ó ti gba èsì lẹ́nu wa ni ó padà wá sọ ohun tí wọ́n rí? Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa béèrè ìwọ̀nyí kí a tó ṣí gbọ̀ngàn wa fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá gbà, kí a tò síwájú tábìlì rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin.

Mo padà sórí òwe ìyá àgbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo rò pé òwe náà ní kí a má ka ọmọ. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun kan láìpẹ́ yìí. Ní alaalẹ́, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ìyá àgbà a gbé àtùpà, wọn a gba ẹsẹ̀ ẹní wa kọjá, wọn a máa fọwọ́ kàn wá lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì máa ka nǹkan lábẹ́ ẹnu. Bí ó bá ku ẹnì kan, wọn kò ní ti ilẹ̀kùn. Àwọn náà ń kà wá! Òwe kò sọ pé kí a má ka ọmọ. Ó ní kí ẹlòmíràn má kà á fún ọlọ́mọ. Ọlọ́mọ ni kí ó ka ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí a ka ara wa. Ní Sátidé yìí, nígbà tí ẹ bá pe ilé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí wọn tán, ẹ bi àwọn àgbà tí ó kù léèrè ohun tí ó ṣe bàbá, ohun tí ó ṣe ìyá, àti ọdún tí wọ́n jẹ́ nígbà tí ó ṣe wọ́n. Bí wọ́n bá ní ọfà ni, ẹ béèrè bóyá ẹnu rẹ̀ wọ́, bóyá apá kan rọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan, kí ẹ kọ tiyín náà sí i, kí ẹ sì fi han àwọn ọmọ yín. Ọ̀rẹ́ mi ti kọ tirẹ̀, ọwọ́ òsì ni ó fi kọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ti ń lo oògùn báyìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n wò kẹ́yìn, ìgò fítámì kò sí lórí tábìlì mọ́. Ìgò oògùn méjèèjì, ti bàbá àti ti ọmọ, ni ó wà níbẹ̀, orúkọ wọn sì wà lára rẹ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a pẹ́ fún àwọn ọmọ wa, kí àwọn náà sì pẹ́ fún ọmọ tiwọn. Àmín.